Bí Mo Ṣe Lá Oyin Ìdána Tán ní Agboyi

Ọjọ́ kan wà tí mo rò pé ọjọ́ ogbó yóò bá mi gbàgbé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà sí i ló ń mọ́lẹ̀ sí i lọ́kàn mi. Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa pòórá lẹ́nu mi nígbà mìíràn. N ó pe Ràṣídì ní Kàmọ́rù, n ó sì pe Kàmọ́rù ní orúkọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo dójú ti ara mi níwájú àwọn àna wa ní Agboyi, kò pòórá rí. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè sọ àwọ̀ fìlà tí kálukú wọn dé lọ́jọ́ náà.

Òmìnira kù díẹ̀ kó dé nígbà náà. Ẹ má fi Ìkòsì ìsinsìnyí wò ó o. Ẹni tó bá dúró lójúde wa láyé ìgbà náà, oko ẹ̀gẹ́ ni yóò máa wò, àti igbó ọ̀pẹ, àti èéfín tó ń jáde lórí òrùlé koríko níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí. Bí a bá fẹ́ lọ sí Èkó, a ó fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì ní Kétu, a ó dúró de bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó tí èrò àti adìẹ ti jọ ń kojú síra wọn. Ẹni tí a kò mọ̀ rí á ti di ojúlùmọ̀ kí ọkọ̀ náà tó dé Èkó. Mo mọ̀ pé ayé ìgbà náà ní ìyà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ṣì máa ń fà sí i.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá mi, ohun méjì péré ni àwọn ará àdúgbò sì fi mọ̀ mí: ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ jíjẹ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àlejò á gbàgbé ibi tó ń lọ. Bí mo bá sì jókòó ti ẹ̀bà, ẹni tó rò ó á máa yọjú wo ìdí àpò gààrí rẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí ni òǹgbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí. Mò ń mu omi bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì, bí mo sì ṣe ń mu ún ni mò ń tọ̀ ọ́. Ara mi ń joro. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí mi, èmi tí mò ń rán ṣòkòtò fún gbogbo ìlú. Ìyàwó mi, Sìkírátù, ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní ooru ló ń mú mi. Ó di ọjọ́ kan tí mo sùn lọ lórí ẹ̀rọ, tí díẹ̀ ló kù kí n rán àtàǹpàkò mi mọ́ agbádá oníbàárà. Sìkírátù kò tún bá mi jiyàn mọ́. Ó wọ́ mi lọ sílé ìwòsàn kan l'Ékòó.

Dókítà ibẹ̀ jẹ́ òyìnbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di ata. Òun ló yẹ ìtọ̀ mi wò, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún wa ló là á yé wa, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí mi ò rí eyín rẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ó ní wọn kì í wò ó tán pátápátá. Bí ènìyàn ṣe ń bá onílé tó le gbé ni èmi náà yóò ṣe máa bá a gbé. N kò gbọdọ̀ fẹnu kan ṣúgà mọ́, tàbí oyin, tàbí ìrèké. Ògì, kí n mu ún bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ̀bà kò gbọdọ̀ ju ìkúùkù mi lọ. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja ni kí n mú lọ́rẹ̀ẹ́.

Ó wá gbé ìgò oògùn oníhóró funfun lé mi lọ́wọ́.

"Ẹyọ kan láràárọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ," ó ní. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ mi o. Ẹ ò gbọdọ̀ lo oògùn yìí kẹ́ ẹ má jẹun. Ṣe ló ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí kò bá bá oúnjẹ níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni yóò gbé ṣubú." Ó yíjú sí Sìkírátù. "Ìyàwó, bẹ́ ẹ bá rí i tó ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ ìsọkúsọ bí ọ̀mùtí, ohun dídùn ni kẹ́ ẹ tètè fi sí i lẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ohun tẹ́ ẹ ní kí n má jẹ náà lẹ tún ní kí wọ́n fún mi?"

Ó pe ẹni tó kàn.

Láti ọjọ́ náà ni Sìkírátù ti di ọlọ́pàá inú ilé. Bó bá ro ẹ̀bà, á ní kí n di ọwọ́ mi, kó fi wọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ọwọ́ náà ní dídẹ̀, kí ìkúùkù lè tóbi sí i. Ó rí i lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tún fún wa ní ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti omi oògùn tó ní àwọ̀ aró. A ó kán ìtọ̀ mi sí i, a ó sì sè é lórí iná. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dúró, ó dára. Bó bá pọ́n bí bíríkì, mo ti ṣẹ̀. Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kétu, mo ní omi nìkan ni mo mu níbẹ̀. Sìkírátù gbé ìgò kaná. Nígbà tí omi náà pọ́n, ó ní, "Bàbá Làmídì, ẹ lè purọ́ fún èmi. Ẹ lọ purọ́ fún ìgò ká wò ó."

A kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nípa àìsàn náà. Nígbà náà, kí wọ́n tó fọ́mọ fúnni, wọ́n á wádìí ìdílé títí kan àwọn tó ti kú. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àìsàn kan wà níbẹ̀, wọ́n á ká ẹsẹ̀ kò. Bẹ́ẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni àbúrò mi, Múfú, rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ní Agboyi. Múfú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti dárúkọ Àbẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ á máa dán bí abọ́ tuntun. Bàbá wa ti kú, èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi sì lẹlẹ́nu ilé. Ta ni yóò tún bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdána bí kò ṣe èmi?

Ohun kan ló ń bà wá lẹ́rù: bàbá ọmọ náà. Bàbá Súlè ni wọ́n ń pè é, ògbólógbòó apẹja tí kì í fi ìrun kan jáfara, tó sì kórìíra ọtí bí ejò. Wọ́n ní ó ti lé àwọn kan padà rí nítorí pé òórùn ẹmu ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó. Mo sọ fún Múfú pé kó fọkàn balẹ̀. Mo ní èmi kì í kúkú mu ọtí, kí ló kàn wá?

Ohun tó kàn mí ni oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹja tó ti dì gbagidi, ẹ kò lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọbẹ̀ Agboyi. Ọ̀bọ̀kún tó ṣì ń jà nínú igbá láàárọ̀, tó ti wà nínú ata àti epo tuntun kí oòrùn tó kàn tàrí! Láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo ti ń ronú lé e. Mo wá ṣe ìṣirò kan tí mo rò pé kò sí dókítà tó lè ṣe irú rẹ̀. Mo ní bí hóró kan bá lè lé ṣúgà oúnjẹ àárọ̀, a jẹ́ pé hóró méjì á lé ti àsè àna. Bí mo bá sì febi pa ikùn ṣáájú, àyè á gbòòrò níbẹ̀. Kí oògùn ti lọ dúró de oúnjẹ lójú ọ̀nà, kó kàn máa gbá a bó ṣe ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Sìkírátù gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀ fún mi. "Ẹ jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó lo oògùn o," ó ní, ó sì wọlé lọ wé gèlè. Mo gbé oògùn méjì mì. Mo ju mọ́ínmọ́ín sí àwọn adìẹ, mo sì nu ọwọ́. Nígbà tó jáde, mo ń gùfẹ̀ bí ẹni tó yó. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ: èmi, Sìkírátù àti Múfú. Àwọn àgbà ilé wa ti lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ẹnu tèmi nìkan ti tó lọ́jọ́ yìí. A ru ẹrù àdúrà: obì, orógbó, ataare, iyọ̀, ìrèké, àti ìgò oyin ńlá kan tí Múfú wá lọ sọ́nà jíjìn kó lè rí ojúlówó. A rìn dé etí omi, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Omi mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń rí àwọn àwọ̀n tí wọ́n sá sórí igi, àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń kígbe kí wa, "Ẹ kú ìnáwó o!" Àárín omi la wà tí ìdí ọkọ̀ fi gbé sórí yanrìn. Omi ti fà. Ọlọ́kọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tì í, kò mì. Múfú ká ṣòkòtò ìdána sókè, òun náà sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi ní òun kò lọ.

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé òógùn ti bo mí. Mo ní oòrùn ni.

Nígbà tí a fi máa gúnlẹ̀, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa, ṣùgbọ́n Bàbá Súlè ní ká ní sùúrù, àbúrò òun tó lọ wo àwọ̀n kò tíì dé. A jókòó. Òórùn ọbẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń wọ imú mi bí ìgbà tí wọ́n ń fi okùn fa ewúrẹ́. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Mo rí Bàbá Súlè, mo tún rí Bàbá Súlè kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé àbúrò tí a ń dúró dè nìyẹn.

Nígbà tí àbúrò dé lóòótọ́, wọ́n ní kí n sọ ohun tí a bá wá. Mo dìde. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi, mo la ẹnu, ohun tó jáde ni: "Ẹ̀yin ará Ìkòsì, a kí yín o. Láti Agboyi la ti wá."

Wọ́n wo ara wọn. Sìkírátù fà mí láṣọ.

Mo tún un ṣe. Ohun tó yẹ kí n wí ni pé a rí òdòdó kan tó ń tàn nínú ọgbà wọn, a sì wá bẹ̀bẹ̀ ká já a. Mo gbìyànjú. Mo ní, "A rí ẹja kan tó ń dán nínú ọbẹ̀ yín, a sì fẹ́ máa gbé e lọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bàbá Súlè kò rẹ́rìn-ín. "Ẹja?" ó ní. "Kí lorúkọ ẹja náà?"

"Ọ̀bọ̀kún ni," mo ní, mo sì bú sẹ́kún.

Mi ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún títí dòní. Mo dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ àforíjì, ilẹ̀ sì tutù, ó sì dára, mo bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Ọkùnrin yìí ti mutí!"

"Nínú ilé mi?" Ohùn Bàbá Súlè nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ ẹnu mi, ó fa èémí. "Mi ò gbóòórùn ẹmu o."

"Á jẹ́ ti òyìnbó," ẹlòmíràn ní. "Tiwọn kì í rùn."

Bàbá Súlè dìde dúró. "Ẹ kó ẹrù yín. Ẹ máa lọ. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ilé ọ̀mùtí." Múfú ti dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, omi ṣì ń kán lára ṣòkòtò rẹ̀. Inú yàrá, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún.

Sìkírátù nìkan ló ń wo òógùn ara mi. Ó fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, ó sì pariwo, "Yéè! Kò jẹun!" Ó ki ọwọ́ bọ inú ẹrù ìdána, ó fa ìgò oyin yọ, ó fi eyín ṣí i, ó gbé mi jókòó, ó sì dà á sí mi lẹ́nu.

"Oyin àdúrà!" gbogbo ilé kígbe.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ara mi ṣe tọ́ oyin náà wò, mo gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò Bàbá Súlè fẹ́ gbà á padà, mo gbá a mọ́ra bí ọmọ. Mo mu ún, mo lá ẹnu ìgò, mo ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo lá ìka. Oyin ń ṣàn lọ sí àyà agbádá tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe iṣẹ́ sí lọ́rùn. Sìkírátù sì dúró sáàárín ilé àna, gèlè ti tú, ó ń sunkún, ó ń sọ gbogbo ohun tí a fi pamọ́.

"Kì í ṣe ọtí, Bàbá! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ìtọ̀ ṣúgà ló ń bá a jà. Ó lo oògùn, kò jẹun. Bí mi ò bá fún un, ó lè kú sọ́wọ́ yín!"

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi là. Ẹni tó kọ́kọ́ hàn sí mi ni Múfú, tó gbé ojú sílẹ̀. Mo wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi, kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Agboyi, yanrìn ni, kì í là.

Bàbá Súlè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rọra jókòó. "Ìtọ̀ ṣúgà," ó ní. "Báwo ló ṣe ń ṣe ènìyàn?"

Mo ti ba gbogbo nǹkan jẹ́, kí ni mo tún fẹ́ fi bò? Mo sọ ọ́ fún un: òǹgbẹ tí kì í tán, ìtọ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ara tó ń joro bẹ́ẹ̀ ènìyàn ń jẹun, ojú tó ń ṣe bàìbàì. Aṣọ ìlẹ̀kùn ṣí fìrì, ìyàwó rẹ̀ jáde wá pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Súlè, ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu ìkòkò omi tán kílẹ̀ tó mọ́! Àbí ẹ kò sọ fún wọn pé èèrà ń wọ́ wá síbi tẹ́ ẹ bá ti tọ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ ọ́, ẹ ní oòrùn ojú omi ni!"

"Ìyá Súlè, wọlé."

"N ò wọlé!"

Bàbá Súlè wò mí. Mo wò ó. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà dé, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Àbúrò rẹ̀ tó gbóòórùn ẹnu mi fi orí lé ògiri, ó ń di ikùn mú. Múfú nìkan ni kò tíì mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín àbí kóun máa sunkún lọ.

Bàbá àgbà náà nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Télọ̀, ìwọ gbé àìsàn pamọ́ fún èmi, èmi náà sì ń gbé tèmi pamọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ wa ti dọ́gba. Ọmọ ńkọ́, ẹ ti rí i gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wá oyin mìíràn wá o. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá, mi ò rí i sójú."

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ọbẹ̀ tí mo torí rẹ̀ kú tí mo tún jí, ó wà níwájú mi, ó pọ́n, ó ń rú èéfín. Ìtìjú kò jẹ́ kí n jẹ ju ìdajì ẹja lọ. Sìkírátù ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun yóò rí i tí mo ṣẹ́ oúnjẹ kù láìsí pé òun gba abọ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, èmi àti Bàbá Súlè jọ wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Èkó. Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tirẹ̀ ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n a tètè dé. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi jọ ń lọ bẹ́ẹ̀, tí a jọ ń ráhùn ògì tí kò ládùn, tí ó ń sọ ìtàn ẹja fún mi láti Kétu títí dé Èkó. Ó dàgbà dáadáa kó tó lọ. Sìkírátù náà ti lọ. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí n ó máa wá ẹni tí yóò wọn ẹ̀bà fún mi.

Ohun tí mo kọ́ kò ju báyìí lọ: oògùn kì í ṣe ẹrú tí ènìyàn ń rán lọ́nà jíjìn kóun alára máa rọra bọ̀ lẹ́yìn. Òun àti oúnjẹ, wọ́n jọ ń rìn ni. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn kó jẹ́ kí àwọn tó bá a jókòó mọ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ ló lè gbani là. Èyí tí ènìyàn jẹ àti èyí tó kọ̀ láti jẹ, méjèèjì ló lè ṣe ìkà.

Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà láyé, òun náà ti di ìyá àgbà. Bó bá wá kí mi, tó kó àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, á kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì yíjú sí wọn. "Ẹ wá kí Bàbá," á ní. "Àwọn ló wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Ọ̀bọ̀kún ni wọ́n pè mí."

N ó gbójú sílẹ̀, n ó ṣe bí ẹni pé etí mi ti di. Kò pẹ́ tí èjìká mi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí èmi náà á sì bú sẹ́rìn-ín.